Ọmọ tó tún wẹ́ẹ̀bùsáìtì DJ mi ṣe l'Ógbómọ̀ṣọ́: bí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe rí lójú mi rèé

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣèlérí fún ọmọkùnrin kan pé tí iṣẹ́ tó ṣe fún mi bá pé oṣù mẹ́ta tí mo sì rí i pé ó dúró dáadáa, màá kọ ọ́ síta kí àwọn tó wà nídìí irú iṣẹ́ tèmi lè rí i kà. Oṣù mẹ́ta ti pé, ó tiẹ̀ ti lé díẹ̀. Iṣẹ́ DJ ni mò ń ṣe, DJ tó ń gbé irinṣẹ́ kiri, ibi tí ẹ bá ti ń náwó yín la máa ń wá bá yín, ìgbéyàwó o, òkú àgbà o, ìkómọ o, ọjọ́ ìbí o, sign-out àwọn ọmọ LAUTECH o, a ó kó sípíkà, mixer, máìkì, iná aláwọ̀ mèremère àti jẹnẹrétọ̀ wá, tí páátì bá tán a ó tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, a ó kó o sínú bọ́ọ̀sì, ó di ilé. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe é l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọmọ tí mò ń sọ yìí ló bá mi tún wẹ́ẹ̀bùsáìtì mi ṣe. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ síbí torí òun nìkan ló ń dá iṣẹ́ ẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí èrò ya bo òun, àmọ́ ẹni tó bá nílò ẹ̀ gidi kó bá mi sọ̀rọ̀, màá júwe ẹ̀ fún un.

Kí n tó sọ ohun tó ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bí èyí tó wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe rí, torí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn DJ ẹgbẹ́ mi, irú ẹ̀ náà ni wọ́n ní. Ọdún 2017 ni ẹnì kan ṣe é fún mi. Gbogbo ojú ẹ̀ dúdú kirimú, lẹ́tà pupa àti yẹ́lò ló wà lórí ẹ̀, orúkọ iṣẹ́ mi ń sáré kọjá lókè láti ọ̀tún sí òsì, tẹ́ ẹ bá sì ti ṣí i báyìí orin á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Inú mi dùn sí i nígbà yẹn, mo ń fi han gbogbo ẹni tó bá wá sílé. Fọ́tò mẹ́sàn-án ló wà lójú ewé àkọ́kọ́, bí kámẹ́rà ṣe yà wọ́n náà ni wọ́n ṣe gbé wọn síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní 4 MB. Nínú mẹ́sàn-án yẹn, èmi ni mo wà nínú mẹ́fà, èmi pẹ̀lú headphone lọ́rùn, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, èmi tí mo gbọ́wọ́ sókè. Nọ́ńbà fóònù mi wà lára àwòrán bánà òkè, ìyẹn ni pé àwòrán ni nọ́ńbà ọ̀hún fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kò ní pè, ẹ ò sì lè kọ́pì ẹ̀, àfi kẹ́ ẹ wá bírò kẹ́ ẹ dà á kọ. Páátì tó kẹ́yìn tí wọ́n kọ síbẹ̀, December 2019 ni.

Ohun tó jí mi lójú oorun ni ìyá ìyàwó kan tí mo pàdé níbi òde kan n'Ílọrin lọ́dún tó kọjá. Wọ́n dá mi mọ̀, wọ́n ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe DJ l'Ógbómọ̀ṣọ́? Mo wá yín títí nígbà tí a fẹ́ ṣe ti ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí o. Mo rí wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín, mo rí i pé 2019 ló wà níbẹ̀, mo ní bóyá ẹ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ àbí ẹ ti kúrò nílùú, la bá kúkú gba ẹlòmíì." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ká ní wọn ò rí nǹkan kan rárá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, wọn ì bá béèrè mi lọ́wọ́ èèyàn, wọn ì bá sì rí mi. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí mo fowó mi ṣe ló lé wọn lọ.

Ìgbà tí mo wá fẹ́ tún un ṣe ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọmọ tuntun yìí bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ ta ló wà lórí dómèènì yín?" Orúkọ tí àwọn èèyàn fi ń ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì mi ló ń sọ. Mo ní tèmi ni, ṣebí èmi ni mò ń sanwó ẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ní ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé e jáde báyìí, orúkọ ẹni tó ṣe é fún mi ní 2017 la bá níbẹ̀, ímeèlì ẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá. Èmi kàn ń fi owó ránṣẹ́ sí i lọ́dọọdún ni, òun ló ń bá iléeṣẹ́ tó ta dómèènì ṣe é. Ẹni náà sì ti kúrò ní Nàìjíríà, ó ti tó ọdún méjì. Mo kọ̀wé sí i lórí WhatsApp, ó kà á, kò dáhùn. Mo tún kọ, ó ní òun máa wá àyè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí n san iye kan kí òun tó yọ̀ǹda ẹ̀, owó tó ní kí n san yẹn sì ju owó tí mo fi ṣe gbogbo wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì fara balẹ̀ síbi yìí, torí ó ṣe pàtàkì ju kálà àti fọ́tò lọ. Dómèènì ni orúkọ tí àwọn èèyàn fi ń wá yín, òun ló wà lára bánà yín, lára bọ́ọ̀sì yín, lára káàdì tẹ́ ẹ ti pín fún ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà nínú ìwé dómèènì, ọwọ́ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Tí kò bá rántí sanwó, ó lè bọ́ dànù, ẹlòmíì á sì lọ fi orúkọ ara ẹ̀ gbà á. NiRA ló ń mójú tó gbogbo orúkọ tó bá parí sí .ng ní Nàìjíríà, ẹ lè lọ wo whois wọn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń wo ẹni tí dómèènì wà lórúkọ ẹ̀, láti mọ bí tiyín ṣe wà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó o kúrò lábẹ́ ẹnì kan, kóòdù kan wà tí ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ fún yín, láìsí kóòdù yẹn kò sí ohun tí iléeṣẹ́ tuntun lè ṣe.

Ohun tó yanjú tèmi, mo lọ bá bàbá ẹ̀ nílé wọn. Mi ò bá wọn jà o. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo kó gbogbo rìsíìtì tí mo ti fi ń sanwó lọ́dọọdún jáde, mo ní, "Bàbá, ọmọ yín ló ṣe iṣẹ́ yìí fún mi, ó ṣe é dáadáa nígbà yẹn, orúkọ iṣẹ́ mi ni mo fẹ́ gbà padà." Bàbá wo ìwé yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé fóònù, wọ́n pè é lójú mi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kóòdù wọlé sórí fóònù mi. Kò gba kọ́bọ̀. Ọmọ tuntun yìí kò ṣí àkáǹtì fún mi, ó jókòó tì mí, ó ní kí èmi fúnra mi fi ímeèlì mi ṣí i, kí n yan páásíwọọ̀dù tí òun ò ní mọ̀, kí n kọ ọ́ sínú ìwé tí ìyàwó mi ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni ire.

Ọ̀nà tó gbà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tún jọ mí lójú. Mo rò pé á gbé laptop jáde ni, á máa bi mí pé kálà wo lẹ fẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí kò bá ní bí yín nínú, ẹ jẹ́ ká jọ ka ohun tí àwọn kọsitọ́mà yín máa ń kọ sí yín lórí WhatsApp." A jókòó síwájú ilé mi ní Àrówómọ́lẹ̀, mò ń ka á fún un, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ẹksasáìsì. A ka ti bí ogójì èèyàn. Nígbà tí a máa fi parí, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: ṣé ẹ ráàyè lọ́jọ́ báyìí, èló ni, ṣé ẹ máa ń dé ibi báyìí, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbé jẹnẹrétọ̀ wá àbí àwa la máa wá a, ṣé a lè gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é. Àwọn ará Baptist tó pọ̀ n'ílùú wa níbí tún máa ń bi mí pé ṣé mo lè fi orin ìhìnrere nìkan ṣe e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyẹn pọ̀ gan-an nínú ohun tí a kà, àwọn ìdílé Mùsùlùmí náà máa ń béèrè bí wàásù bá ṣe máa wáyé, ṣé máìkì wa á dára fún Alfa. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi mí pé wáàtì mélòó ni sípíkà mi. Bẹ́ẹ̀ wáàtì ló kún wẹ́ẹ̀bùsáìtì mi fọ́fọ́!

Lọ́jọ́ kejì ó ní ká lọ bá ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa ẹ̀, ẹni tó máa ń ṣe ìnáwó. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi tó ń ta léèsì àti àǹkárá l'Ọ́jà Jagun, àwọn obìnrin tó ń ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ wọn náà ni wọ́n ń wá DJ, ẹ wò ó bó ṣe bá a mu. Ó bi wọ́n, "Mọ̀mí, ká ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ yín, ẹ sì fẹ́ gba DJ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi fóònù yín wá a." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn o, ẹ kàn máa wò."

Fóònù àǹtí mi, gíláàsì ojú ẹ̀ ti sán láti igun kan dé ìkejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì dára lábẹ́ páànù ọjà. Wọ́n ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì mi. Ojú fóònù funfun, ó wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e sórí aṣọ, wọ́n wọn ọ̀pá mẹ́ta fún kọsitọ́mà kan, wọ́n gba owó, wọ́n fún un ní ṣéńjì, wọ́n gbé fóònù padà, fọ́tò kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti òkè wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi ìka tẹ fọ́tò sípíkà, wọ́n rò pé ibẹ̀ ló ń gbé èèyàn lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà á. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Wọ́n tẹ nọ́ńbà mi, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, "Kò pè o." Wọ́n tún wò ó lọ wò ó bọ̀, wọ́n wá ní, "Èló wá ni? Owó dà?" Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. "Ọmọ mi, ó ti jẹ dátà mi, jẹ́ n kúkú pè ọ́." Èmi tí mo dúró níbẹ̀ ń wò, òógùn bò mí. Láti 2017 ni mo ti ń rò pé wẹ́ẹ̀bùsáìtì mi ń bá mi ṣiṣẹ́.

Orin tí mo fi ń yangàn yẹn ńkọ́? Kò dún rárá lórí fóònù àǹtí mi. Ọmọ yìí ló ṣàlàyé fún mi pé láti 2018 ni Chrome, ìyẹn áàpù tí àwọn èèyàn fi ń ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ti dáwọ́ orin tó bá fẹ́ máa dún láìjẹ́ pé èèyàn tẹ̀ ẹ́ dúró, pé ìdí tó fi ń dún lórí kọ̀ǹpútà tèmi ni pé mo máa ń ṣí i ní gbogbo ìgbà mo sì máa ń gbọ́ orin níbẹ̀, Chrome wá gbà pé mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé èmi nìkan ni mò ń dá gbọ́ orin mi. Ọdún 2018 yẹn náà ni Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "Not secure" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí kò bá ní https, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì yọjú sí ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀, tèmi ò ní in, ó sì wà bẹ́ẹ̀ gbogbo ọdún wọ̀nyí, kí ẹni tó fẹ́ sanwó àsansílẹ̀ rí irú ẹ̀, á ní gbájúẹ̀ ni wá. Ọ̀fẹ́ ló rí sáátífíkéètì https yẹn fún mi, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ó wá bọ́ sórí iṣẹ́. Fọ́tò ló kọ́kọ́ mú. Ó ní ojú ewé àkọ́kọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 MB, lásìkò tí owó dátà ti lọ sókè báyìí lẹ́yìn tí NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí àfikún tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní January 2025, ta ló máa fi 40 MB wo DJ? Ó dín àwọn fọ́tò kù, ó yí wọn sí WebP, irú fáìlì fọ́tò tí kì í wúwo, èyí tó tóbi jù nínú wọn ò ju 120 KB lọ, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú fóònù mi, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Gbogbo ewé àkọ́kọ́ ò pé 1 MB mọ́. Ó fi ohun tí Google ń pè ní PageSpeed Insights wọ̀n ọ́n níṣojú mi, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yin náà lè fi wọn tiyín, Google ní ohun tó tóbi jù lójú ewé gbọ́dọ̀ ti jáde kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 2.5, tèmi ti wọ inú ẹ̀ báyìí. Nínú fọ́tò mẹ́fà tí mo wà, ẹyọ kan ló kù. Ó rọ́pò ìyókù pẹ̀lú fọ́tò àwọn tó ń jó, ìyá àgbà kan tó tẹ̀ kanlẹ̀ tí gèlè ẹ̀ ti fẹ́ẹ́ já, àwọn ọmọ tó ń jó lójú agbo. A pe àwọn tó ni fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, a tọrọ àyè, torí òfin ààbò dátà 2023 ti wà, yàtọ̀ sí òfin pàápàá ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá kan ò fẹ́ kí ojú ọmọ òun wà níbẹ̀, a yọ ọ́ kúrò.

Nọ́ńbà mi ti di bọ́tìnì báyìí, ó wà nísàlẹ̀ fóònù ní gbogbo ìgbà, ibi yòówù tẹ́ ẹ bá kà dé. WhatsApp náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ohun kékeré kan wà níbí tó ti ń yọ mí lẹ́nu tipẹ́ tí mi ò mọ̀, ẹnì kan ti bá mi fi líǹkì WhatsApp sórí Instagram mi tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo ló kọ síbẹ̀, líǹkì yẹn ò sì lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, 234 ló gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yọ òdo kúrò. Ẹ lọ yẹ tiyín wò lónìí. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ ti tuntun, ọ̀rọ̀ á ti wà níbẹ̀ fún yín: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mo fẹ́ gba DJ. Ọjọ́ tí a fẹ́ ṣe é ni... Ibi tí a ti fẹ́ ṣe é ni..." Ẹ kàn máa fi tiyín sí i ni.

Ibi owó la ti ní gbólóhùn asọ̀. Mo ní láéláé, mi ò ní kọ owó síta. Nídìí iṣẹ́ wa, èèyàn máa ń wo ojú kọsitọ́mà kó tó dárúkọ owó, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n, àti pé tí mo bá kọ ọ́ síta, àwọn yòókù á rí i, wọ́n á gba owó tó kéré sí tèmi. Ó dákẹ́, ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. Ó wá ṣí ìwé ẹksasáìsì ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nínú ogójì èèyàn tí a kà yẹn, ẹ wo iye àwọn tó béèrè owó tí wọn ò sì kọ̀wé mọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ dá wọn lóhùn." Wọ́n pọ̀. Mo ti fi àkókò bá wọn sọ̀rọ̀, mo ti fi ohùn ránṣẹ́, mo ti ṣàlàyé, owó wọn ò sì tó látìbẹ̀rẹ̀. A wá fẹnu kò sí "ó bẹ̀rẹ̀ láti iye báyìí", ọ̀nà mẹ́ta: ìnáwó kékeré láàárín ìlú, ìnáwó ńlá láàárín ìlú, àti tẹ̀yìn ìlú tí owó ọkọ̀ máa ń wà lórí ẹ̀. Ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, bóyá jẹnẹrétọ̀ wà nínú ẹ̀, wákàtí mélòó, ìdá mélòó ni àsansílẹ̀. Mo ń bẹ̀rù o, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, àwọn tó ń kọ̀wé sí mi ti dín kù díẹ̀, àwọn tó ń sanwó ti pọ̀ sí i, ẹni tó bá ti pè mí ti mọ ohun tí òun fẹ́. Alátakò mi kan rí i lóòótọ́. Òun náà ti kọ tiẹ̀ síta báyìí, inú mi sì dùn sí i, torí àwọn kọsitọ́mà ti ń fi wá wé ara wa pẹ̀lú iṣẹ́, wọn ò kàn ń fi ẹnu ná wa bí ata mọ́.

Ó tún ṣe ojú ewé kan tó ní gbogbo Sátidé tó ń bọ̀, èyí tí wọ́n ti gbà pupa, èyí tó ṣófo jẹ́ gíríìnì, èmi ni mò ń tún un ṣe láti orí fóònù ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Fídíò kan wà, kò gùn, orí YouTube ló wà kó má bàa wúwo, kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, orin olórin ló wà nínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, YouTube mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó pa ohùn ẹ̀ rẹ́. A wá fi apá ibi tí MC wa ti ń kí àwọn ẹbí tí onídùndún ń dá a lóhùn rọ́pò ẹ̀, ìyẹn gan-an làwọn èèyàn sì fẹ́ràn jù. Lórí Google Maps, torí pé mi ò ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi mí síbẹ̀ bí ẹni tó máa ń lọ bá kọsitọ́mà, àdírẹ́sì ilé mi ò hàn, àwọn àdúgbò tí mo máa ń dé ló hàn, ogún ni Google fàyè gbà, a kọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìlọrin, Ìkòyí-Ilé, Ìrẹsà-Adú, Èjìgbò àti àwọn míì.

Kò ṣàì ní àléébù o, mi ò sì ní bò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní, ọ̀sẹ̀ méje ló lò. Iná ò sí lápá ọ̀dọ̀ ẹ̀ ní Under G fún ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn yé mi, ṣùgbọ́n ó yẹ kó pè mí kí n tó pè é. Lẹ́ẹ̀kejì, ohun tó kọ́kọ́ gbé wá, fọ́tò àwọn òyìnbó tó ń jó nínú ilé ijó ló wà lókè ẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rí i. Mo ní rárá. Ìyá tó bá ń wá DJ fún òkú àgbà n'Ísàlẹ̀ Àfọ̀n, kí ló fẹ́ fi òyìnbó ṣe? Ọ̀rọ̀ tó kọ síbẹ̀ náà jẹ́ irú gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo èèyàn máa ń kọ, tí kò sọ nǹkan kan pàtó nípa wa. Èmi àti ìyàwó mi la jókòó tún un kọ ní Yorùbá àti gẹ̀ẹ́sì, ó gbà, kò janpata. Ẹ̀kẹta, lẹ́tà tó yàn kò mọ Yorùbá. Ó kọ Ògbómọ̀ṣọ́ síbẹ̀, ọ̀ tó ní àmì àti ṣ jáde tín-ín-rín, àwọn lẹ́tà tó kù sanra, àmì orí ọ́ tó kẹ́yìn tiẹ̀ fò lọ sórí àlàfo. Àwa ọmọ Ajílété ò lè rí orúkọ ìlú wa bẹ́ẹ̀ ká dákẹ́. Ó lọ wá irú lẹ́tà mìíràn tó ń jẹ́ Noto Sans, gbogbo àmì wá jókòó sáyè wọn. Ìyókù ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tún kàlẹ́ńdà yẹn ṣe, ó sì yára jù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é kó tó yé mi. Ó gbé fóònù nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣá.

₦150,000 ló gbà, mo san ìdajì ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì nígbà tó parí. Owó dómèènì àti họ́sìtìn, ìyẹn owó ibi tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ń gbé, wà lọ́tọ̀ lọ́dọọdún, èmi ni mò ń san án fúnra mi láti inú àkáǹtì ara mi. Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹyọ kan tó kù, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó fi pẹ́ ló gbé e lọ.

A tún padà lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi l'Ọ́jà Jagun nígbà tó parí. Fóònù yẹn náà, abẹ́ páànù yẹn náà. Wọ́n ṣí i, ó jáde. Wọ́n rí owó, wọ́n ka á sókè, wọ́n ní, "Ó dáa, ti ńlá ni mo fẹ́." Wọ́n tẹ WhatsApp, fóònù mi dún nínú àpò mi. Àǹtí mi pariwo, gbogbo ìsọ̀ tó wà nítòsí ló yíjú wò wá, wọ́n ń pe aládùúgbò wọn pé kó wá wo nǹkan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Èjìgbò. Ọjọ́ wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é wà níbẹ̀, wọ́n ti wo kàlẹ́ńdà, wọ́n ti rí owó, wọ́n sì ti gbọ́ MC. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa lè ti tò ó tán kí ìyàwó tó wọlé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni màámi, aago méje àárọ̀ lẹ máa rí bọ́ọ̀sì wa. Wọ́n fi owó ránṣẹ́ kó tó di alẹ́.